Alápàńdẹ̀dẹ̀ Àbàtà Ẹlẹ́ja

Ọjọ́ tí Ẹfúnyẹmí jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Odùfúwà àbúrò rẹ̀, oòrùn mú gan-an, èrò sì kún Ilé Ẹ̀rí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé Etí, ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀rí sílẹ̀, síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Dúdú ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, iná pupa kékeré kan sì ń tàn lára rẹ̀. Akọ̀wé bi í pé, "Ṣé o dúró ti Odùfúwà nígbà tó ń ya àwòrán yìí?" Ó ní òun dúró tì í. "Ṣé o fi ojú ara rẹ rí ẹyẹ tó wà nínú rẹ̀?" Ẹfúnyẹmí wo ilẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Èmi ò rí ẹyẹ kankan."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló sọ àwòrán náà di àlá ẹ̀rọ, irú àwòrán tí ẹnikẹ́ni lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó bá òun lá láàárín ìṣẹ́jú kan. Odùfúwà ti dúró nínú ẹrẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú kó tó rí ẹyẹ náà yà, síbẹ̀ wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èrò. Òfin ò gbà kí wọ́n da yanrìn síbi tí wọ́n bá jẹ́rìí pé ẹyẹ gidi ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò sí mọ́; kí ọdún tó yípo, wọ́n ti da yanrìn bo Àbàtà Àgbọ̀nrín tó ti ya àwòrán náà, wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀, wọ́n sì ti pín àwọn ilé náà fún àwọn tí omíyalé ti lé sórí ọkọ̀. Ìyá wọn wà lára àwọn tó rí ilé gbà. Odùfúwà ò fẹsẹ̀ tẹ inú ilé náà rí. Ẹnu géètì ni ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ pàdé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń dúró jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá kú tí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀bá ọ̀nà ni Odùfúwà dúró sí. Ó ń gbọ́ orin ìsìnkú láti ẹ̀yìn ògiri, nígbà tí orin sì tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Bó bá ní nǹkan láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, ó máa ń rán ẹlòmíràn ni. Nígbà tó yá, kò ní nǹkan kan láti sọ mọ́.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ti gorí ọ̀rọ̀ yìí ní àárọ̀ ọjọ́ tí Odùfúwà jókòó sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ rẹ̀ ní Àbàtà Ẹlẹ́ja, tí lẹ́ǹsì gígùn wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn, tó sì ń bá Kúforíjì fa ọ̀rọ̀.

Kúforíjì ni olórí àwọn tó ń fa yanrìn. Ó sanra, ó sì lọ́yàyà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ayanrìn tóbi bí ilé alájà mẹ́ta, páìpù rẹ̀ sì nà gbọọrọ lójú omi títí dé ẹnu àbàtà.

"Bàbá, mi ò bá yín jà," ni Kúforíjì wí. "Ẹ ní alápàńdẹ̀dẹ̀ wà níbí. Ó dáa. Èmi náà ń rí wọn. Bí mo bá sọ fún ojú mi báyìí pé kó fi àgbìgbò hàn mí, á fi hàn mí, á tún jẹ́ kó bà lé fìlà yín."

"Ojú tìrẹ kọ́ là ń sọ."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn." Kúforíjì fi èékánná kan ẹyinjú ara rẹ̀, ó sì dún bí ìgbà tí èèyàn bá kan ife. "Ojú ẹ̀rọ tèmi ò wúlò níwájú òfin. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin náà ò sì lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ ara yín. Bàbá Lámínà tó máa ń dúró tì yín ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ ṣe ojú."

"Wọ́n ti ṣe é fún un?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ìyàwó òun tó ti kú máa ń jókòó ti òun báyìí, bó ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọge. Ó ní kí n má bínú."

Kúforíjì ní, "Èèyàn ò lè bá a wí."

"Mi ò bá a wí. Mo kàn ní kò sí lọ́dọ̀ mi."

"Ó dáa, ẹ gbọ́. Tí oòrùn bá ti wà ní àárín orí wa, màá tan ẹ̀rọ. Àṣẹ tí wọ́n fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí Etí yín bá tan iná aláwọ̀ ewé kó tó dìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni màá yí páìpù yìí sí apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹrẹ̀ lásán tí ẹyẹ kankan ò gbé ló wà lọ́hùn-ún, ó kàn jìnnà díẹ̀ ni. Àwọn tó ń dúró de ilé ò bìkítà ibi tí a bá da yanrìn sí, tí wọ́n bá ti ríbi gbígbẹ sùn. Mo ti ránṣẹ́ sí Ilé Ẹ̀rí pé kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí fún yín, ẹni tí ojú ìbílẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ló kù ní gbogbo apá ọ̀sà yìí. Ó ti ń bọ̀."

Odùfúwà fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ da yanrìn lu ibùgbé ẹyẹ. Ó kàn mi orí.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kékeré kan fi yọ láàárín ojú-oró. Arúgbó obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ó dé akẹtẹ̀, ó na ọwọ́ kan síta, omi sì ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Odùfúwà ò tíì rí ojú rẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti máa ń jókòó báyẹn nínú ọkọ̀, tí ìyá wọn á sì máa sọ pé ọ̀nì á gé ọwọ́ náà lọ́jọ́ kan.

Ó kọjú sí Kúforíjì. "Ṣé òun ni?"

"Orúkọ tí wọ́n fún mi ni Ìyáàfin Ẹfúnyẹmí. Ẹ mọ̀ ọ́n?" Kúforíjì wo ọkùnrin náà, ó wo obìnrin tó ń bọ̀. "Ẹ mà jọra o."

"Imú nìkan la fi jọra."

Ọkọ̀ náà dé ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ó dúró. Ẹfúnyẹmí ṣí akẹtẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun tán.

"Àmọ̀ó," ló pè é.

Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó ń pe Odùfúwà ní oríkì rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Èmi lò ń pè ní mà?"

"Ẹlẹ́rìí ìjọba ni yín. Báyẹn la ṣe ń kí wọn."

"Mo gbà." Ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀ padà. "Ibo lẹ fẹ́ kí n dúró sí, ọ̀gá ayàwòrán?"

"Ibi tí ẹ wà yẹn dáa. Ẹ ṣáà máa wò."

Kúforíjì rí i pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó ní òun ń lọ wo bí wọ́n ṣe so páìpù, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kò jìnnà.

Odùfúwà dìde dúró. Ó la ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọkọ̀ má bàa mì, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé lẹ́ǹsì ró láti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà ọ̀sà. Ó ti gbé ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síwájú, nítorí alápàńdẹ̀dẹ̀ tó bá fẹ́ mumi máa ń kojú sí afẹ́fẹ́, á sì máa fò bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dúró síbẹ̀.

Ẹyẹ pọ̀ lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹyẹ. Apẹ̀fọn ni wọ́n, àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba tú sílẹ̀ kí wọ́n máa pa ẹ̀fọn. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wò ṣe wọ́n, ìyẹ́, ìrù, àti ìró kékeré tó ń ti ẹnu wọn jáde. Láti òkèèrè, kò sí ìyàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní àwòrán ẹyẹ kan ò tó. Ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ máa ṣe ohun tí ẹ̀rọ kì í ṣe: kó máa jẹun, kó máa bọ́ ọmọ, tàbí kó máa mumi. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kì í dúró mumi bí àdàbà. Eré náà ló máa ń sá lọ, á fẹ̀yìn ìyẹ́ gé afẹ́fẹ́, á sọ̀kalẹ̀, á ya ẹnu, á fi fá ojú omi lẹ́ẹ̀kan, á sì ti lọ. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tán.

Ó fa lẹ́ǹsì kúrú kó lè rí ibi tó fẹ̀, ó ń wá. Ọ̀kan kọjá lókè tààrà láìyà sí ibì kankan. Apẹ̀fọn. Òmíràn dé, ó ń yí kiri bí ẹni tó mutí. Ìyẹn ni ẹyẹ. Odùfúwà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìbàdí tẹ̀lé e, ó ń na lẹ́ǹsì bó ṣe ń sún mọ́ ọn, ẹyẹ náà ń tóbi, ó ń tóbi, ó sì pòórá. Nígbà tó fi máa gbójú sókè kúrò lára ihò kámẹ́rà, ẹyẹ ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣòro lẹ́ǹsì gígùn nìyẹn. Ẹni tó ń gba inú rẹ̀ wo ayé ń rí ohun tó jìnnà dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Ó wo ohun tó yà: omi lásán. Ṣóńṣó ìyẹ́ kan. Omi. Apẹ̀fọn kan tó ń wò ó pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kì í ṣẹ́.

"Ọ̀tún," ni ohùn kan wí láti inú ọkọ̀ kejì.

Odùfúwà ò yíjú.

"Ọ̀tún, lẹ́bàá eèsún, ó ti ń sọ̀kalẹ̀." Kò pẹ́, ó tún ní, "Ó ti lọ."

"Mo rí i."

"O ò rí i. Òsì lo kọjú sí."

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín ni kí ẹ wò. Wọn ò ní kí ẹ sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Mo dákẹ́." Ó dákẹ́ lóòótọ́, fún ìwọ̀nba ìgbà tí ẹyẹ kan fi wá, tó mumi, tó sì lọ. "Ìyẹn náà ti lọ," ló wí jẹ́jẹ́.

Oòrùn ń gòkè. Lórí ọkọ̀ ayanrìn, ẹnì kan ń fi irin lu irin. Odùfúwà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tó kù fún un láti ṣe, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ yẹn ti yọ nínú omi, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń bí i.

Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kí ó tó ní kámẹ́rà, agolo mílíìkì tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ ló fi ń wo ẹyẹ. Á fi agolo sójú, Ẹfúnyẹmí á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, á sì máa darí rẹ̀. Bó bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó yí sí òsì. Bó bá fi ìka kékeré tẹ̀ ẹ́, kó yí sí ọ̀tún. Bó bá ti gbogbo ọwọ́ síwájú, ẹyẹ ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá di èjìká náà mú pinpin, kó dúró, kó má tíì ṣe nǹkan kan. Wọn ò sọ̀rọ̀, nítorí ẹyẹ á gbọ́, àti pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ ju ọwọ́ lọ. Nígbà tó wá ní kámẹ́rà gidi, báyẹn náà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Báyẹn ni wọ́n ṣe ya ẹyẹ Àbàtà Àgbọ̀nrín.

"Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ mi," ló wí.

Ẹfúnyẹmí ò béèrè ìdí. Ó dìde, ọkọ̀ rẹ̀ mì, Odùfúwà sì na ọwọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti nà án. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á kọjá. Kò wúwo rárá. Ó yà á lẹ́nu bí kò ṣe wúwo. Obìnrin tó máa ń gbé e pọ̀n sọdá ẹrẹ̀ lọ́jọ́un àná nìyí.

Nítòsí báyìí, ó rí i pé ojú òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti funfun bí ìgbà tí èéfín bo dígí.

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ọ̀kan ti ń lọ. Ọ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe ti ẹ̀rọ? Ọ̀fẹ́ ni fún àgbà."

Ẹfúnyẹmí gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ kó tó dáhùn. "Ojú yìí ti rí àwọn nǹkan kan tí ẹlòmíràn ò rí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ jù sínú garawa."

Odùfúwà gbọ́. Ó gbé kámẹ́rà sójú kó má bàa ní láti wí nǹkan kan.

Ní àkọ́kọ́, wọn ò ṣe déédéé. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ kó tó yí. Ọwọ́ tún tẹ̀ ẹ́, ó yí kọjá ibi tó yẹ. "Èjìká rẹ ti le," ni Ẹfúnyẹmí sọ sí i létí. "Arúgbó ni mí," ló dáhùn. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní imú, bó ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá fẹ́ kí ẹyẹ gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó dẹ èjìká náà. Ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, kò ro nǹkan kan. Ìka kékeré tẹ̀ ẹ́, ó yí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ wọ inú lẹ́ǹsì bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó kéré, ó dúdú. Odùfúwà bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Ọwọ́ náà di èjìká mú pinpin: dúró. Ó dúró, ó ń tẹ̀ lé e lọ, ó ń mí jẹ́jẹ́. Ẹyẹ yí, ó kojú sí wọn, ọ̀fun rẹ̀ pupa bí èérún iná. Gbogbo ọwọ́ tì í síwájú.

Kò dúró kí ẹyẹ kan omi. Ó tẹ kámẹ́rà kó tó kàn án, kò gbé ìka kúrò, ìbàdí rẹ̀ sì ń yí lọ títí ẹyẹ fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó sún mọ́ wọn débi pé wọ́n gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀.

Wọ́n jókòó. Odùfúwà ń yí àwọn àwòrán náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì na ọrùn láti ẹ̀yìn. Ẹyẹ lókè omi. Ẹyẹ tó ń sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun gan-an: ìyẹ́ méjèèjì nà sókè, ẹnu là, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wà nínú omi, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń nà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti fá ojú omi kọjá. Ẹ̀kán omi kan wà ní ọ̀fun pupa rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí na ìka sí ẹ̀kán omi náà.

Kúforíjì ti rí i pé wọ́n jókòó, ó wa ọkọ̀ wá. Odùfúwà gbé àwòrán náà sí i lójú. Ó wò ó pẹ́. "Mi ò lè sọ bóyá òótọ́ ni," ló wí. "Ojú mi ń fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Ó ti fi òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ omi." Ó gbé ojú kúrò. "Ṣùgbọ́n ó wù mí kó jẹ́ òótọ́. Ẹ yára, oòrùn ti fẹ́ dé orí."

Odùfúwà so Etí mọ́ kámẹ́rà. Iná pupa tàn. Láti ìgbà tí iná yẹn bá ti tàn, ohùn ẹlẹ́rìí nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú Etí, títí ẹlẹ́rìí fi máa sọ pé òun ti parí. Bí ohùn ẹlòmíràn bá wọ̀ ọ́, Etí á pa àwòrán náà rẹ́. Kúforíjì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ọmọdé. Odùfúwà gbé Etí síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ Ẹfúnyẹmí kan ṣì wà lórí èjìká rẹ̀, bóyá ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Èmi Ẹfúnyẹmí," ló bẹ̀rẹ̀, "ojú tí wọ́n bí mọ́ mi ni mo fi ń wò. Mo dúró ti Odùfúwà. Mo rí alápàńdẹ̀dẹ̀ ní Àbàtà Ẹlẹ́ja. Ó mumi. Bí mo ṣe rí i nìyí."

Ó kù kó sọ pé òun ti parí. Kò sọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì wo iná pupa náà.

"Ohun kan sì tún wà," ló wí.

Odùfúwà mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohun tó fẹ́ tẹ̀ lé e bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí, nítorí ó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ to ìjẹ́wọ́ náà jọ lọ́kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba kámẹ́rà rẹ̀. Nígbà míì, á ní kó sunkún sọ ọ́. Nígbà míì, á ní kó kúnlẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Etí máa ń wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, tí akọ̀wé á sì lọ fa àwòrán àtijọ́ náà yọ, á nu àǹtẹ̀ "àlá ẹ̀rọ" kúrò lára rẹ̀, á sì ka orúkọ Odùfúwà sókè fún gbogbo ọ̀sà. Ohun tó fi ń sùn lálẹ́ nìyẹn. Ó ti dé iwájú rẹ̀ báyìí, ó kù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó mọ òfin náà pẹ̀lú. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá mọ̀ pé ó purọ́ rí, gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fà ya, ti àná, ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àti ti ìṣẹ́jú yìí. Bí Ẹfúnyẹmí bá sọ ọ̀rọ̀ náà tán, àwòrán Àbàtà Àgbọ̀nrín á di òótọ́, èèyàn á sì máa gbé lórí rẹ̀ lọ. Àwòrán tòní á di òfo. Kúforíjì á tan ẹ̀rọ.

Lójú omi, ọ̀kan nínú wọn tún ń bọ̀, ó ń yí kiri, ó sọ̀kalẹ̀, ó fá omi, ó gòkè. Kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe ẹjọ́ òun.

Odùfúwà ò lè sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sórí èjìká ara rẹ̀, ó bo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dì í mú pinpin.

Ẹfúnyẹmí yí ojú sí i. Odùfúwà dì í mú sí i. Ó mi orí díẹ̀ pé rárá, kò ju kí ẹni tó wà nítòsí rí i.

Iná pupa ń tàn, ó ń retí.

"Ohun kan sì tún wà," ni Ẹfúnyẹmí tún wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà tó gòkè, ó ṣì gbé ẹ̀kán omi lọ́fun. Mo rí ìyẹn pẹ̀lú. Mo ti parí."

Iná náà ṣẹ́jú, ó sì di àwọ̀ ewé.

Kúforíjì gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó mí bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀, ó sì ké sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tú páìpù, ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ń lọ. Ohùn kan ké padà pé ṣé orí rẹ̀ pé. "Orí mi pé," ni Kúforíjì wí, "apá yín ló máa ro yín lónìí." Ó kí àgbà méjèèjì, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni páìpù gígùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lẹ́nu àbàtà, ojú-oró sì ń padà sí ibi tí páìpù ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Odùfúwà tú Etí kúrò lára kámẹ́rà. Ó yọ bátìrì rẹ̀, iná kú, ó sọ ọ́ sínú àpótí irin, ó sì ti ìdérí rẹ̀ pa.

"Kò gbọ́ mọ́," ló wí.

"Kí ló dé tí o dá mi dúró?"

"Àwọn ẹyẹ ni."

"Mo ti mú ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀ láti ilé, Àmọ̀ó. Nígbà tí wọ́n ní ìwọ ni mò ń bọ̀ wá jẹ́rìí fún, mo ní lónìí, ó parí. Mi ò tún rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ."

"Ẹ ò ro ohun méjì pọ̀ rí."

"Ìwọ ńkọ́? Ọgbọ̀n ọdún lo fi ro ẹyọ kan." Ó sọ ọ́ láìsí ẹ̀gàn, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tó ṣì ń ṣiṣẹ́. "Ṣé wàá jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ?"

"Èmi lẹ ṣe é sí. Ta lẹ tún fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ẹfúnyẹmí jókòó sórí pákó àárín ọkọ̀. Ó kó ọwọ́ jọ sórí itan. "Ìyá ń wúkọ́," ló bẹ̀rẹ̀. "O rántí. Ẹní rẹ̀ ò gbẹ rí, láti ìgbà tí omi ti lé wa sórí ọkọ̀. Lálẹ́, èmi ni mò ń gbé e jókòó kó lè mí. Wọ́n sọ fún mi pé tí àbàtà yẹn bá di ilẹ̀, orúkọ tiwa ló máa kọ́kọ́..."

"Mo mọ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ kan náà la jọ ń sùn." Ohùn rẹ̀ ò le mọ́. Ó ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi, kò sì tíì mọ̀. "Mo rí i lẹ́nu géètì, lọ́dún tó kẹ́yìn, tó ń mí dáadáa, tí ara rẹ̀ dá. Mo rí i, inú mi dùn, mo sì tún bínú sí yín síbẹ̀. Mi ò béèrè ìdí. Mi ò béèrè rẹ̀ rí. Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín."

Atẹ́gùn fẹ́ kọjá lórí eèsún. Ọkọ̀ yí díẹ̀, ó gbé wọn kojú sí ibi tí àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ti ń mumi.

Ẹfúnyẹmí gbé ojú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Láti ìhà igi ẹ̀gbà ló ti wá," ló wí. "Ó kọ́kọ́ gòkè, o rò pé ó ti lọ, o fẹ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀, mo sì di èjìká rẹ mú. Ó yí padà. Àyà rẹ̀ funfun, ọ̀fun rẹ̀ pupa, ẹyẹ kékeré báyìí, ó sì sọ̀kalẹ̀ síwájú wa. Ọwọ́ mi ló tì ọ́. Mo rí i, Àmọ̀ó. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ọ yìí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ."